Sàtífíkéètì Agbẹ̀bí Tí Bàbá Rẹ̀ Fi Ọ̀rá Sé

Agbẹ̀bí tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa ti kọ́kọ́ sunkún. Ìdajì yòókù, àwọn tí ojú ń kán jù ni, wọn kò lè dúró kí ó dé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ń rọbí, kò sì tíì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn sára ògiri ọsibítù, kí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù máa wò ó kí ojú tì wọ́n.

Nígbà tí ọsibítù kan lókè òkun ní àwọn fẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ló kù. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò fún orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ sọ pé dìgírì tirẹ̀ àti tiwọn dọ́gba. Ọsibítù ọ̀hún yóò dè é títí oṣù yóò fi parí. Bí ìdáhùn kò bá dé, wọn á gba ẹlòmíràn.

Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà wà nílùú wa, Agbẹ̀bí sì kó ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bíi pé iṣẹ́ abẹ ló fẹ́ ṣe. Ó gbé sàtífíkéètì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, ó gbóòórùn rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ìka pa ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí èdìdì yunifásítì wà.

"Màdáámù, èdìdì yìí yẹ kó wú lábẹ́ ìka. Kò wú."

"Ó wú, sà. Ọ̀rá ló bò ó mọ́lẹ̀."

"Ta ló fi ọ̀rá sé e?"

Agbẹ̀bí wolẹ̀. "Bàbá mi ni."

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Òrùlé gbogbo ayé ló ń kàn, ti ilé tirẹ̀ sì ń jò bí ajere. Lọ́jọ́ tí ọmọ gba sàtífíkéètì, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí bàbá ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbígbóná sé ìwé mọ́ inú ọ̀rá. Ó gbà pé kò sí ohun tí omi kò lè bà jẹ́ láyé àfi èyí tí a bá kùn ní fáníìṣì, ìwé kò sì gba fáníìṣì. Ó sé e débi pé bí ìkún omi bá gbé ìlú lọ, sàtífíkéètì yẹn ni yóò kọ́kọ́ léfòó.

"A kì í gba èyí tí wọ́n bá ti sé," ọkùnrin náà sọ. "Èdìdì tí a kò lè fọwọ́ kàn, a ò rí i nìyẹn."

"Ẹ ṣáà ń wò ó, sà."

"Ojú ló rí i, màdáámù. Ìka ò tíì rí i."

Ó wá fún un ní fọ́ọ̀mù kan: kí yunifásítì rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nínú àpò ìwé tí wọ́n fi èdìdì dì.

Bàbá ní òun máa bá a lọ sí yunifásítì. Akọ̀wé tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ti jáde ní yunifásítì ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀ẹ̀kan-Láyé, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fúnni ní sàtífíkéètì níbẹ̀.

"Ṣé a lè rí òmíràn gbà, sà?" Agbẹ̀bí béèrè.

"Ó di ayé àtúnwá."

Ṣùgbọ́n ó gbà láti jẹ́rìí. Ó ṣí fọ́ọ̀mù náà. Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ẹni tí ojúlówó ìwé rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ wò: ó sọnù, olè jí i, iná jó o.

"Èwo ni kí n mú?"

"Kò sí tiwa níbẹ̀, sà."

"Ẹ mú iná. Iná ni gbogbo ènìyàn ń mú. Bí gbogbo ilé tí mo ti kọ nínú ọ́fíìsì yìí pé ó jóná bá jóná lóòótọ́, orí eérú là bá jókòó sí báyìí."

"Mi ò lè purọ́, sà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi gbà mí gbọ́ nìyí."

Bàbá dìde. "Akọ̀wé, ẹ yá mi ní ìṣáná. Tí mo bá sun ún níwájú yín, ó ti kúrò ní irọ́ nìyẹn." Ó ti mú sàtífíkéètì náà dé ojú fèrèsé kí ọmọ tó dì í lápá mú.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ọdún márùn-ún ni mo fi wá ìwé yẹn."

"Èmi ni mo sì fi ọjọ́ kan bà á jẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kan-Láyé fa ìwé ńlá kan yọ, ó ṣí i títí ó fi kan ibi tí Agbẹ̀bí ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó gba sàtífíkéètì. Ó ṣe ẹ̀dà ojú ìwé náà. Lẹ́yìn náà ó ti bébà funfun kan síwájú bàbá.

"Ẹni tó sé e ni kó sọ fún wọn."

"Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà."

"Ṣé ìwé mẹ́ta náà ò kọ́ yín ní lẹ́tà ni?"

Bàbá yọ pẹ́ńsùlù tó fi ń sàmì sí pákó. Akọ̀wé gbà á, ó fún un ní bírò. Bàbá kọ lẹ́tà náà fún odidi wákàtí kan, ahọ́n ń yọ létí ẹnu rẹ̀:

"Èmi bàbá rẹ̀ ni mo fi ọ̀rá sé ìwé yìí. Iná kò jó o, olè kò jí i. Òrùlé mi ló ń jò, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀bi mi dá ọmọ mi dúró."

Ẹ̀ẹ̀kan-Láyé fi rúlà fa àpótí kẹrin sábẹ́ ìdí mẹ́ta tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà, ó kọ "ọ̀rá" sí i, ó mú un. Ó lu òǹtẹ̀ títí tábìlì fi ń bẹ̀bẹ̀. Ó kó fọ́ọ̀mù, ẹ̀dà ojú ìwé àti lẹ́tà bàbá sínú àpò ìwé, ó dì í, ó tún lu òǹtẹ̀ sí ẹnu rẹ̀.

"Àwa fúnra wa la máa fi í ránṣẹ́," ó ní. "Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ má lọ fi nǹkan sé èyí náà."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ tí oṣù máa parí, ọ̀sán ti pọ́n, Agbẹ̀bí wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fara ti ògiri, ó pe bàbá.

"Bàbá, wọ́n gbà. Wọ́n ní dìgírì mi dọ́gba pẹ̀lú tiwọn."

Ayùn tó ń dún níbẹ̀ dákẹ́. "Lẹ́tà mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn kà á mọ́ ẹ̀rí."

"Wọ́n rí àṣìṣe nínú ẹ̀?"

"Wọn ò sọ."

"Ó dáa." Agbẹ̀bí gbọ́ tí ó gbé ayùn sílẹ̀. "Ìgbà wo lò ń lọ báyìí?"

Agbẹ̀bí ti ní ìdáhùn náà lẹ́nu láti oṣù tó kọjá. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta ń pè é.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, Bàbá," ó ní, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.