Ọkùnrin Tó Máa Ń Dúró ní Ọwọ́ Ọ̀tún Àwòrán

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àbúrò mi wá láti Ìlọrin àti Èkó, wọ́n ní kí màmá wa palẹ̀ mọ́, kí àwọn gbé e lọ sílé ní Ọ̀fà. Ó ní òun kò lọ. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń dúró dè.

Ẹ̀gbọ́n yìí wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà nígbà tí màmá mi ṣì kéré. Ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ lókè ọya. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni màmá mi fẹ́ bàbá mi, gáàdì rélùwéè, tí wọ́n gbé wá sí Minna, ìṣirò màmá mi kò sì le: kò sí ẹni tó lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti òkè ọya lọ sí Ọ̀fà tí kò ní gba Minna kọjá. Ó ní kí bàbá mi máa bá òun wò ó nínú ọkọ̀. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́, bó ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àwọn èrò, nítorí pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ilà bàámú, ẹyọ ilà kan tó dagun láti ìdí imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ilé tiwọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

"Bí mo bá kúrò níbí," màmá mi wí fún wa, "ibo ló fẹ́ bá mi?"

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 la wà yẹn. Ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́, ewúrẹ́ ń sùn láàárín irin. Síbẹ̀, bí fèrè kan bá dún láti ọ̀nà ibùdókọ̀, màmá mi á dìde lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà wa ní àdúgbò Sauka Kahuta ní Minna, á dúró díẹ̀, á tún jókòó.

Akọ̀ròyìn ni mí. Mo ti wá èèyàn fún ọ̀pọ̀ ìdílé, mo sì rí wọn. Èyí tó jẹ́ ti ìyá mi ni n kò rí. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Ìkéde tí mo ṣe kò mú nǹkan wá, àfi àwọn tó fẹ́ gba owó ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Dutsen Kura. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Minna ni wọ́n bí i sí. Ó ní òun fẹ́ ya ìtàn alàwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ gáàdì rélùwéè mú àsíá pupa tí bàbá náà fi sílẹ̀, ó lọ fì í sókè ní ibùdókọ̀ Minna tó ti dákẹ́, ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́ sì dúró fún un, ó gbé e lọ sí ọdún tó bá wù ú. Ó ní èmi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ bí àwọn arúgbó ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi, bí mo bá kọ ọ́, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ bíi tíṣà."

Mo gbà kíá. N kò sọ ìdí fún un lọ́jọ́ yẹn. Ìdí mi ni pé mo rí àyè kan nínú ọkọ̀ ojú irin náà tí mo lè fi ẹ̀gbọ́n màmá mi jókòó sí, kí gbogbo ayé rí ojú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà rọrùn láti dá. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí a jọ dàgbà ló jọ, tí Hausa dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ní ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Ọ̀fà àtijọ́, ó pàdé bàbá arúgbó kan lójú ọ̀nà oko, ó lóṣòó, ó kí i káàárọ̀ ní Hausa, "Ina kwana, Baba." Bàbá náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kó wá wo ọmọ Gàmbàrí tó sọnù, àmọ́ tí imú rẹ̀ jọ ti ilé àwọn. Àwọn òǹkàwé wa rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń kọ̀wé láti ìlú òyìnbó.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni kò rọrùn. Mo ṣe é bí mo ti ń ṣe ìròyìn: mo lọ bá àwọn ẹlẹ́rìí. Màmá mi ní ó ga, ó dúdú, ó máa ń gbé òun sí èjìká. Mo ní ta ni kò ga lójú ọmọ tí wọ́n gbé sí èjìká. Ó ní kí n kọ ohun tí òun sọ. Mo wá lọ sí àdúgbò Jikpan lọ́dọ̀ bàbá kan tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì, mo bi í bóyá ó rántí èrò kan tó ní bàámú. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú.

"Dírẹ́bà ni mí," ó ní. "Iwájú ni mò ń wò. Gáàdì ló ń wo èrò. Bàbá rẹ ni kó o bi."

Mo ní bàbá mi ti kú. Ó ní òun mọ̀, òun lọ síbi ìsìnkú.

Bí ọkùnrin náà ṣe wá di odindi èèyàn, ọ̀rọ̀ ibi ìdúró ló dá a sílẹ̀. Nínú ìtàn alàwòrán, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ òsì ni òǹkàwé kọ́kọ́ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọdé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kí àgbà. Nítorí náà ọmọbìnrin náà dúró lọ́wọ́ òsì, ẹ̀gbọ́n màmá mi dúró lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kọjú sí i. Ẹni tó bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ la máa ń rí. Ilà náà hàn gbangba. A kò tiẹ̀ ronú nípa rẹ̀, ó kàn bọ́ sí i.

Àfi ọjọ́ tí tíṣà ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣáájú sọ̀rọ̀. Ó lo àwòrán tó ti yà tẹ́lẹ̀. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yí i padà, ọ̀tún di òsì. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ fún màmá mi bí mo ti máa ń ṣe. Ó wò ó pẹ́.

"Ta nìyí?"

Mo ní bùọ̀dá rẹ̀ ni. Ó ní rárá, ilà ẹni yìí wà lọ́tùn-ún. "Ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ ilé onílé. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i báyìí, á ní kì í ṣe òun, á kọjá lọ."

Mo dá ẹjọ́ náà padà fún tíṣà. Inú bí i. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọkùnrin yìí yóò máa wà títí ayé, kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láé, ẹni tó bá kí i nìkan ni yóò máa dá lóhùn. "Haba, ẹ̀gbọ́n. Irú akọni wo nìyẹn?" Ó gun ọ̀kadà wá sí Sauka Kahuta láti wá bá màmá mi rojọ́ fúnra rẹ̀. Màmá mi fún un ní omi, ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé àgbà ló yẹ kó máa sáré kí ọmọdé kiri ni?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá kí i. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ọmọbìnrin náà á kí i, á dá a lóhùn ní gbólóhùn kan, á tún dákẹ́. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọbìnrin náà lọ. Wọ́n ń béèrè ohun tó ń bò mọ́ra. Kò bo nǹkan kan mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún ló wà.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kafé dé, màmá mi á ti wà ní fàráńdà. Kì í béèrè bóyá iná wà, tàbí bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. "Ṣé ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n?" Èmi náà kò lè jókòó mọ́. Bí mo bá wà níbi ìpàdé àwọn oníròyìn, ọkàn mi wà ní kafé. Bí mo bá dé kafé tí kò sí iná, mo máa ń rìn yípo ilé náà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Ẹni tó kọ̀wé nígbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Zaria. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tó gbọ́ Yorùbá ló fi ìtàn náà han òun. Ó ní bàbá òun tó kú ní ọdún tó kọjá ní irú ilà yẹn, àwọn kò mọ ìlú tó ti wá, bàbá náà kò sì sọ. Ó wá fi kún un pé: "Bí ọkùnrin yín ṣe ń ṣe gan-an ló máa ń ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá kí i."

Gbólóhùn yìí ló bà mí nínú jẹ́. Ẹlẹ́rìí tó bá sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀ fún ọ, sá fún un. Àwa la ṣe ọkùnrin náà ní aláìsọ̀rọ̀, nítorí àyè inú àwòrán. Mo ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́.

Fọ́tò náà dé: ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì, ó gùn lójú, ilà kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Mo gbé e lọ sílé. Màmá mi wò ó, ó dá a padà fún mi. "Kì í ṣe òun," ó ní, ó sì dìde lọ sí ilé ìdáná.

Mo jókòó sí fàráńdà, mò ń wo ọkùnrin náà. Ìgbà tó yá ni ojú mi bọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpò rẹ̀ wà ní àyà ọ̀tún. N kò tíì rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí wọ́n rán àpò rẹ̀ sí ọ̀tún rí. Onífọ́tò ló gbé fíìmù sódì nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Mo gun ọ̀kadà padà sí kafé, mo yí fọ́tò náà padà bí tíṣà ti yí àwòrán lọ́jọ́sí. Àpò lọ sí òsì, ilà bá a lọ.

Nígbà tí màmá mi gba ìkejì yìí, kò sọ pé òun ni, kò sì sọ pé kì í ṣe òun. Ó ní kí n pe ọmọ náà lórí fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, kó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Ó bá ọmọ náà sọ Hausa, ó kí i, ó bi í nípa ìyá rẹ̀, ó wá ní, "Kí ni bàbá rẹ kì í jẹ?"

Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti inú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní tantabara, ìyẹn ẹyẹlé. Ó ní bàbá ń sìn wọ́n, ó ń fún wọn ní ọkà, àmọ́ bí wọ́n bá sè é nínú ilé, á jáde lọ jókòó síta títí òórùn ọbẹ̀ á fi lọ.

Màmá mi fi fóònù lé orí itan rẹ̀. Ilé wọn ní Ọ̀fà kì í jẹ ẹyẹlé. Èmi gan-an kò jẹ ẹ́ rí.

Zaria. Gbogbo ọdún tí màmá mi fi ń fetí sí fèrè, Zaria ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, lójú irin kan náà. Ó ṣeé ṣe kí bàbá mi ti yẹ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò rí, kó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló yí sí i. Mo fẹ́ mọ ìdí tí kò fi wálé. Mo bi ọmọ náà, kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ náà kò mọ̀. Mo ní kí tíṣà yà á: ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ òsì, ó ń béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ kò padà wálé?", ọkùnrin náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tíṣà yà á tán, ó ní kí ni ọkùnrin náà máa dáhùn. Mo wá ẹlẹ́rìí nínú orí mi, n kò rí ẹnìkan.

Mo gbé àwòrán náà lọ fún màmá mi. Ó ní kí n pa ìbéèrè náà rẹ́, ọmọdé kì í bi àgbà léèrè bẹ́ẹ̀. "Kó kí i. Kí òun náà dáhùn. Kó sọ̀ kalẹ̀." Ó na bébà náà sí mi. "Àti pé ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ mọ́. Ó ti tó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Inú àwọn òǹkàwé kò dùn. Wọ́n ní a já àwọn jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ láìsí i, ṣùgbọ́n a máa ń fi àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Àwọn àbúrò mi rò pé ó kàn báyìí, màmá á lọ sí Ọ̀fà. Zaria ló ní kí n mú òun lọ. A wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, a gba Kaduna kọjá. Láti ojú ọ̀nà, ìgbàkígbà tí irin rélùwéè bá yọ, màmá mi á yí ọrùn tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó lóṣòó, ó kí màmá mi ní Hausa. Màmá mi wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ń dán. Ó dá a lóhùn, ó dáhùn gbogbo ìkíni náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan. Láti ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń gbọ́ ẹyẹlé. Mo ti fa bírò yọ, mo ti la ẹnu láti béèrè.

"Jẹ́ ká jókòó ná, akọ̀ròyìn," màmá mi wí.