Barakah Kò Pa Wákà Tì

Èdè Faransé àti lítíréṣọ̀ àfiwéra ni Barakah ń kà ní yunifásítì. Ìmọ̀ òfin làwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọjà-Ọba fẹ́ kó kà, ṣùgbọ́n kò gbà.

Nígbà tó dé ọdún àṣekágbá, ó ní òun yóò fi wákà tí Talatu, ìyá bàbá òun, máa ń kọ níbi ayẹyẹ wòlímọ̀ wé ewì Faransé àtijọ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Orin àwọn ìyá arúgbó? Lọ wá ewì gidi."

"Ẹ má bínú, sà. Ewì gidi lèyí náà. Mi ò ní pààrọ̀ ẹ̀."

Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ó mú Talatu dání. Olùkọ́ náà ní kí màmá dúró síta. Barakah fa àga fún un.

"Àwọn ló ni orin, sà. Tí wọ́n bá jáde, èmi náà á jáde."

Màmá jókòó. Talatu tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbóhùn sókè, ó kọ wákà nípa ikú tí kò mọ olówó. Barakah ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ó sì ka ewì Faransé tó sọ ohun kan náà tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti yunifásítì mìíràn láti yẹ iṣẹ́ náà wò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí màmá jọ̀ọ́ tún un kọ.

Barakah yege. Olùkọ́ rẹ̀ kò kí i.

"Kí lọ̀gá yẹn ń bínú sí?" Talatu bi í níta.

"Ẹ jẹ́ kó máa bínú, Ìyá. Wákà yìí náà ni màá fi gba oyè kejì."