Ta Ló Bá Yín Ná An?

Ìyá mi ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ títí orúnkún wọn fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kò sì sí ọjà tí wọ́n lè rà láìná an. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí èéfín èédú tí wọ́n fi ń dáná sọ ikọ́ sí wọn láyà, mo ní ká ra sítóòfù gáàsì kan tí a rí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ring Road.

“Rárá o. Bí Kérésì bá dé, àwọn fúnra wọn ló máa bẹ̀ wá ká wá rà á ní ẹ̀dínwó. Sùúrù ni baba ìwà.”

Inú bí mi. Àlàájà tí kì í ṣe Kérésì ló wá ń retí Kérésì bí ọmọdé! Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti ní rárá, ó parí nìyẹn. Wọ́n ń wúkọ́ títí òjò fi dá, tí ọyẹ́ fi dé. Mò ń gbọ́ ọ láti yàrá mi, ó sì ń dùn mí gan-an.

Kérésì dé lóòótọ́. Sítóòfù wa ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé owó gọbọi kan lára rẹ̀, wọ́n kọ òmíràn sísàlẹ̀. Mo wo ti ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa: ó ju iye tí wọ́n pè é nígbà òjò lọ!

“Màmá, owó ẹ̀ ti wálẹ̀ o,” ni ọmọge tó ń tajà wí.

“Ta ló bá yín ná an?” ni ìyá mi bi í.

Ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín, kò yé e. Èmi ló yé. Ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń tà á máa ń pe owó sókè, ẹni tó ń rà á máa ń fà á wálẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dá a pè, wọ́n tún dá a ná, ká tó wọlé. Síbẹ̀ mi ò lè pè wọ́n ní olè. Ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ó ṣeé ṣe kí iye tí àwọn náà fi rà á ti kọjá ti ìgbà òjò. Mi ò mọ ibi tí irọ́ parí sí.

A rà á. Ìyá mi fajú ro títí a fi dé ilé ní Agbowó.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo tún kọjá ní ṣọ́ọ̀bù náà. Wọn ò fagi lé nǹkan kan mọ́, owó sítóòfù náà sì ti tún fò sókè. Mo sáré wálé, mo bá ìyá mi nídìí ọbẹ̀.

“Màmá, a mà jèrè o!”

Wọ́n rẹ iná sílẹ̀. “Èrè kẹ̀? Ikọ́ tí mo ti ń wú láti ìgbà òjò ńkọ́? Ta ni màá bá ná ìyẹn kó wálẹ̀?”

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.