Alárenà Ọkọ̀ Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó kú, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kí ó dùn bí ti àwọn tó kàwé jù mí lọ. Lẹ́nu gan-an, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde fún mi, ká má tíì sọ ti orí bébà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń yí nínú mi tipẹ́, bí mo bá sì gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Mo rántí ìgbà tí bàálù máa ń fò kọjá lórí òrùlé wa ní Ìsọlọ̀, tí páànù á máa gbọ̀n, tí Màmá á gbójú sókè bí ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ ń kọjá lọ. Màmá tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Òun ló mú mi wá láti Òṣogbo nígbà tí mi ò ní ẹni tí yóò bọ́ mi mọ́. Aṣọ ló ń tà ní Òṣòdì, èmi ni mo ń bá a wọ̀n ọ́n, tí mo ń bá a ká a. Owó epo ti gba ìlú kan nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ládùúgbò wa á gba owó oṣù tán, wọn á ya sí ìsọ̀ wa, aṣọ tí a bá tú láàárọ̀ kì í dalẹ́ kó tó tán. Ẹni tí kò ní rédíò rí ra tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra mọ́tò. Lójú gbogbo wa, kò sí ibi tí ọmọ ènìyàn ò lè dé mọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí, ọ̀dọ̀ àwọn Sàró ló lọ́kọ sí, ní Freetown. Ó ti wá ọmọ títí, ó sunkún títí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníṣòwò kan tó ti ọ̀hún dé wá sí ìsọ̀, ó sọ fún Màmá pé oyún ti hàn lára ọmọ rẹ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà mọ́. Ó ní ọmọ náà ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kọ́kọ́ wẹ ọmọ òun, ọwọ́ ìyá òun ni òun fẹ́. Màmá kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ, ó dúpẹ́ títí àwọn oníbàárà bá a dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni ilé wa ti di ilé ìrìn àjò. A gbọ́dọ̀ dé Freetown kí ọmọ tó wáyé, ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí mọ́.

Ọmọkùnrin Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá, ibi iṣẹ́ bàálù ló ń bá wọn ṣiṣẹ́, Àjàó ló ń gbé. Ó ní ohun tó rọrùn ni, kí Màmá wọ bàálù láàárọ̀, kó jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Màmá ní, “Ohun tó ń pariwo tó báyẹn, inú ló ń bí i. Mi ò ní wọ inú ohun tí inú ń bí.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bá wa rẹ́rìn-ín, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Bùrọ̀dá wá lọ béèrè ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Ó ní àwọn ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta ló wà tó ń kó èrò gba etí òkun lọ sí Sàró, olúkúlùkù wọn ló ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì gba ìwé tí wọ́n fi ń polówó ara wọn wá. Ti ọkọ̀ funfun dán bí dígí: àwòrán tábìlì oúnjẹ wà nínú rẹ̀, àwòrán bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àti obìnrin òyìnbó tó jókòó sí oòrùn. Ti ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ní àwòrán kan ṣoṣo. Ti ọkọ̀ aláwọ̀ aró kò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú rẹ̀. Ìyàwó Bùrọ̀dá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó sì fi ìka lé ọkọ̀ funfun. Akọ̀wé ni, ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ ènìyàn. Kì í pe orúkọ mi, bí ìyàwó ilé rere ṣe ń ṣe sí ọmọ ọkọ. Dákẹ́jẹ́ ni ó sọ mí. Òun ni yóò bá Màmá lọ, nítorí pé ó gbọ́ òyìnbó. Ẹnikẹ́ni ò jókòó jíròrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé kàn gbà á sí. Èmi ń wo àwòrán omi náà láti ẹ̀yìn èjìká wọn títí Màmá fi bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni.

Màmá ká àwọn ìwé náà jọ, kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní nígbà tí wọ́n wá tọrọ ọmọ òun, bàbá ọkọ fi àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ránṣẹ́, òun ò wò ó, alárenà ni òun rán lọ. Ilé tí òun yóò máa sùn sí lórí omi, ó yẹ kí òun mọ irú èèyàn tó nilé. Bùrọ̀dá ní Màmá ò fẹ́ ọkọ̀ níyàwó. Màmá fi pákò tó ń run tọ́ka sí mi.

“Ìwọ ni kí o lọ wádìí wọn. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í fọ̀rọ̀ pamọ́ fún un.”

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí n má wo pálọ̀, kí n wo ẹ̀yìnkùlé. Kí n wo ibi tí wọ́n ti ń dáná àti ibi tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí. Kí n kí wọn bí a ṣe ń kí àna, kí n sì wo bí wọn yóò ṣe dáhùn. Paríparí rẹ̀, kí n wo ojú ìyàwó ilé náà nígbà tó bá wá kí ìyá rẹ̀, nítorí ojú yẹn kì í purọ́. Ní ti ọkọ̀, àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Bí mo ṣe dé Àpápá, mo gbàgbé ìtìjú mi fún ìgbà díẹ̀. Mi ò rí irin tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò rí okùn tó nípọn bí itan àgbàlagbà rí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń rùn bí iyọ̀ àti epo, ó sì ń tú gèlè mi. Nígbà tí orí mi wálé, mo rántí pé mo ní láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹnu mi sì pa dé. Ìyá alágbàfọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àwọn ọkọ̀. Mo dúró tì í títí ó fi sú u.

“Ọmọ yìí, ṣé odi ni ọ́ ni, àbí o gbàgbé ahọ́n rẹ sílé?”

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì di etí kejì aṣọ tó ń fún mú. Kí omi tó tán lára aṣọ náà, a ti di ọ̀rẹ́. Òun ló ní kí n máa bá òun ru ẹrù wọ inú ọkọ̀, torí ẹnì kan kì í bi ẹni tó ru aṣọ fífọ̀ léèrè ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ òkun, èmi tí mi ò lè wọ ilé aládùúgbò láìjẹ́ pé wọ́n pè mí.

Ọkọ̀ funfun ni mo kọ́kọ́ wọ̀, nítorí ó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó gíga kan, mo sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tó rí bàbá ọkọ. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ àga. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló bọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde, ni mo bá ń bá wọn wá a. Ìyá alágbàfọ̀ fi aṣọ bo ẹnu kó má baà pariwo ẹ̀rín. Ilé dáadáa ni, aṣọ wọn mọ́, oúnjẹ wọn ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, mo wo ojú wọn. Ojú wọn ti jìn wọnú. Ọkọ̀ tó ń kó símẹ́ńtì bọ̀ ti pọ̀ lójú òkun bí ilé nígbà náà, gbogbo wọn ń dúró kí àyè ó ṣí ní èbúté ńlá, ọkọ̀ funfun sì ti bá wọn dúró pẹ́. Ọkùnrin kan tó de táì sọ fún ìyá alágbàfọ̀ pé, “Ìyá, kò sí iná kan ní Èkó tí mi ò mọ̀ báyìí. Orí omi ni mo ti ń wò wọ́n.” Wọ́n ní bí ọkọ̀ náà ṣe ń pẹ́ kó tó jáde lọ náà nìyẹn, ó di ìgbà tí wọ́n bá ráyè di ẹrù rẹ̀.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá alágbàfọ̀ ò jẹ́ kí n gbé aṣọ wọn mọ́ra, ó ní ìdun inú rẹ̀ á bá mi délé. Ìgbà tí a gòkè, agbọ́únjẹ àti ọ̀gá rẹ̀ ń bú ìyá ara wọn lórí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ṣẹ́rí padà. Ilé tí wọ́n ti ń jà nídìí ààrò, kò sí alárenà tó ń dúró gbọ́ ìparí rẹ̀.

Ọkọ̀ aláwọ̀ aró kò sí ní èbúté ńlá. Ó kéré, kò bá ẹnikẹ́ni du àyè. Èbúté pákó tirẹ̀ ló ń gún sí lẹ́bàá ọ̀sà. Kò ní yàrá, abẹ́ tapólì ni èrò ń tẹ́ ẹní sí. Ó ń rùn bí ẹja yíyan àti àlùbọ́sà. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, bàbá dúdú arúgbó kan tí kò wọ bàtà. Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde. Ó fi Yorùbá tó ta kókó sọ pé, “Dìde, ọmọ. Ilẹ̀ tutù.” Lẹ́yìn náà ni àwọn èrò ń bọ̀ sílẹ̀. Atukọ̀ kan pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn, ìyá náà ń gbá a léjìká pé kó má mi òun bí ẹ̀wà, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń sá lọ. Wọ́n dúró sórí pákó, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọ̀nà ilé, wọ́n sì ń bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ bí ìyàwó tó wá kí ìyá rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nílé ọkọ. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ mi, Bùrọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ wá gbọ́ ọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Ìyàwó Bùrọ̀dá ní ọkọ̀ aró yìí á máa yà ní gbogbo ìlú etí òkun, ọkọ̀ funfun á sì lọ tààrà. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí bí ọmọ bá dé kí Màmá tó dé, orí mi ni yóò wà. Bùrọ̀dá náà béèrè bí Màmá yóò ṣe máa sùn sórí ẹní. Èmi ni Màmá kọjú sí.

“Dá mi lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ilé ọkọ. Ṣé wàá sùn níbẹ̀?”

“Màá sùn níbẹ̀, Màmá. Bó bá jẹ́ lónìí, màá sùn níbẹ̀.”

Gbogbo wọn wò mí. Màmá ní ó tán, ọkọ̀ aró ni. Bùrọ̀dá ní òun yóò gba àyè ẹni méjì. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní òun yóò wá ẹní rà, ó sì fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, “Dákẹ́jẹ́, o kú iṣẹ́ o. Ojú ti mọjú wàyí, kí alárenà yẹ̀bá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò fi ipá gbé ẹnikẹ́ni níyàwó rí, òun ò sì ní fi ipá gbé ẹnikẹ́ni wọ omi. Ẹni tó bá fẹ́ bá òun lọ, kó fi hàn òun fúnra rẹ̀. Ó wo ojú wa yíká. Ìyàwó Bùrọ̀dá fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé bó bá jẹ́ pé òun ló kàn, òun á lọ. Mo la ẹnu. Bàálù dé, ó gba orí òrùlé kọjá, páànù ń gbọ̀n. Kí ó tó lọ tán, Màmá ti dìde lọ wẹ ọwọ́ fún oúnjẹ, ọ̀rọ̀ mi sì ti padà sọ́nà ọ̀fun.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Freetown yìí ti ń sáré kiri báyìí, wọ́n ní ó tún lẹ́nu ju gbogbo wa lọ. Èmi ni mo gbé omi gbígbóná fún Màmá láàárọ̀ tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, nítorí a dé kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Bùrọ̀dá ló sáré ṣe ìwé ìrìnnà mi, ìyàwó rẹ̀ ló sì yọ̀ jù. Ó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé òòyì máa ń kọ́ òun lójú nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Marina lásán. Mo rí òkun tí kò ní etí. A gba àárín àwọn ọkọ̀ tó ń dúró kọjá, ọ̀kan nínú wọn funfun, àwọn èrò rẹ̀ fara ti irin, wọ́n ń wò wá. Màmá juwọ́ sí wọn tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó ń kí orogún tí ọjà rẹ̀ kò tà. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó, mo máa ń rò ó pé bóyá kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni Màmá ń wádìí láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àgbà kì í rán ènìyàn lọ wo ilé kó má wo ojú ẹni tó rán nígbà tó bá padà dé.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí mo ṣe wá sọ fún un pé mo fẹ́ lọ. Mi ò sọ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí Màmá tó jáde wá run pákò, mo mú ẹní rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú ẹní tèmi tó ti gbó, mo tẹ́ ẹ lé e lórí. Mo ká méjèèjì pọ̀, mo fi okùn kan ṣoṣo dì í, mo gbé e ti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì mú ìgbálẹ̀, mo jáde lọ gbá ojúlé.