Wúrà Inú Kọ́là

Àwọn agbẹ́rù ló sọ ọ́ ní Màmá Máfọwọ́kàn-án. Ìyàwó sójà kan tó jẹ́ sájẹ́ǹtì ni. Tí wọ́n bá ti ní kí ọkọ rẹ̀ kúrò ní bárékè kan bọ́ sí òmíràn, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti fẹ̀yìn wọ àgbàlá báyìí, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́: "Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn! Ẹ rọra o, díńgí ni!" Àwọn agbẹ́rù á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gbé e, nítorí ẹni tó bá fọ́ díńgí ìyá yìí ti rí ìjà he.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kó, ọmọ ọwọ́ ṣì ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, inú àpótí tó fi àgádágodo ńlá tì ló kó gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, àgádágodo wà níbẹ̀ digbí, ẹ̀yìn àpótí ni olè ti já. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá rẹ̀ fi ṣègbéyàwó nìkan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà nítorí pé ó wà lọ́rùn rẹ̀. Òun náà ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀, ó sì ti búra pé ẹ̀gbà náà lọmọ òun máa wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé àgádágodo ló ń júwe ọ̀nà fún olè.

Ibi tó wá ń fi í pamọ́ sí, olè kankan ò lè rò ó. Inú kọ́là aṣọ ayẹyẹ ọkọ rẹ̀ ni, èyí tí sájẹ́ǹtì ń wọ̀ fún pàrédì ńlá. Bó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n kó, á tú ojú ìránṣọ kọ́là náà, á tẹ́ ẹ̀gbà ọrùn sínú rẹ̀, á rán an padà. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Agbẹ́rù wo ló fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ sójà? Iwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ni wọ́n ń fi í kọ́ sí.

"Ìwọ obìnrin yìí," sájẹ́ǹtì á ní, "lọ́jọ́ kan wọ́n á pè mí sí pàrédì òjijì, ọrùn mi á máa dún woroworo níwájú ọ̀gá àgbà."

"Kó máa dún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á lọ́rùn yín."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó gbẹ̀yìn, wọ́n ti di ẹrù tán, wúrà ti wọ kọ́là, ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń retí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni sájẹ́ǹtì ṣubú lulẹ̀ ní pápá eré ìdárayá. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín. Ìyàwó nawọ́ sí aṣọ ayẹyẹ náà níbi tí wọ́n fi í kọ́ sí, wọ́n sì mú un lọ. Ta ló rántí wúrà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n jẹ́ kí ìyá àti ọmọ kọ́kọ́ wọlé lọ wò ó. Ó ti wọ aṣọ, ó dùbúlẹ̀ nínú pósí, ó rẹwà. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ láti tún kọ́là rẹ̀ ṣe, bó ṣe máa ń ṣe kí ọkùnrin náà tó lọ síbi iṣẹ́. Nǹkan kan le lábẹ́ ìka rẹ̀.

Ọmọ rí i pé ọwọ́ ìyá òun dúró. Ọmọ ọwọ́ ọjọ́sí ti dàgbà, oṣù díẹ̀ ló kù kó ṣègbéyàwó.

"Màámi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "sísọ́ọ̀sì wà nínú báàgì mi. Ẹ ṣe kíá kí wọ́n tó wọlé."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí."

Ìyá gba sísọ́ọ̀sì. Ó gé òwú kan. Kọ́là là díẹ̀, ó sì rí bí kọ́là aláìnílé. Ọkùnrin tí kì í jáde tí aṣọ rẹ̀ bá rún, tó ń tẹnu ọ̀nà padà wálé nítorí bọ́tìnì kan! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa tó wọlé wá wò ó.

"Wúrà ìyá yín ni," ọmọ ní.

"Mo mọ̀. Ṣé kí bàbá ẹ wá lọ pẹ̀lú kọ́là yíya?"

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi àtàńpàkò tẹ ojú ibi tó là náà títí ó fi pa dé, ó dá sísọ́ọ̀sì padà fún ọmọ, ó bọ́ sẹ́yìn.

Mi ò ní parọ́ fún yín: ẹkún méjì ló sun létí ibojì. Ó sunkún ọkọ, ó sunkún wúrà, ìkejì sì ń tì í lójú.

Ilé bárékè kì í ṣe ilé opó, nítorí náà wọ́n ní kó kó jáde. Ọkọ̀ dé, àwọn agbẹ́rù ń retí ariwo rẹ̀, wọn ò gbọ́ ọ. Orí korobá ló jókòó sí, tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù lura wọn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ, obìnrin tí wọ́n háyà láti bá ìyàwó tuntun kun àtíkè ojú dúró, ó wo ọrùn rẹ̀.

"Ìyàwó, ọrùn ẹ mà ṣófo. Ṣé wọn ò fún ẹ ní nǹkan ni?"

"Màámi fún mi, mà. Bàbá mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ tètè pè wọ́n nígbà náà, kí wọ́n máa mú un bọ̀."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ojú ọmọ. Ìyá rẹ̀ yára jáde sẹ́yìn ilé, ó lọ sunkún tirẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní rí i, kí ọmọ má baà fi ẹkún ba àtíkè ojú ara rẹ̀ jẹ́.