Àdúrà Tí Wọ́n Já Gbà Lẹ́nu Ìyá Mi

Tísà Yorùbá ni mí ní iléèwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn fi "wọ́n" pe àgbà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Alàgbà ni nínú ìjọ wa, òun ló sì ń darí àdúrà òwúrọ̀. N ò ní fi "wọ́n" pè é. Inú ṣì ń bí mi.

Ìjì ló gbé ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi. Ó ṣí páànù ilé wọn ní abúlé kan lẹ́yìn Èmùré, ó sì fọ́n ọn ká inú oko kòkó. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Èmi àtàwọn àbúrò mi bá fẹnu kò pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ mi títí a ó fi kan òrùlé mìíràn.

Ìyá mi ò kàwé. Láràárọ̀, kí n tó múra iléèwé, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì ọjọ́ náà sí wọn létí, àwọn ni wọ́n á sì gbàdúrà jáde látinú rẹ̀. Bí mo bá ka ti àgùntàn tó sọnù, wọ́n á bẹ Ọlọ́run nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò tí wọn ò rí láti ijẹ́ta, wọ́n á sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí àbúrò mi tó ti pẹ́ tó ti pe ilé kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo ka ti Jésù tó sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí omi ń ru, wọ́n ní, "Olúwa, má bínú pé a jí ọ. Èmi náà mọ bó ṣe ń rẹ ẹni tó ti oko dé." Èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́.

Kí n má purọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo máa mú wọn lọ sí àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé, "Màmi, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ilé ni kẹ́ ẹ pè é o." Wọ́n wò mí, wọ́n sì kọjá síwájú.

Olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ìjọ wa. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí àwọn méjì tó kọ́lé, ọ̀kan sórí àpáta, èkejì sórí iyanrìn. Nígbà tí a kà á tán, alàgbà nawọ́ sí ìyá mi, ó ní, "Màmá tó jẹ́ àlejò wa, ẹ fi gbàdúrà fún wa."

Ìyá mi dìde, wọ́n tún gèlè wọn so.

"Olúwa, ùwọ mọ ulé mi. Orí àpáta lọkọ mi kọ́ ọ sí, kò kọ́ ọ sórí iyanrìn. Kí ló wá dé tí ìjì fi ṣí i? Mo ń bi ọ́ ni, n ò bá ọ jà. Ulé—"

"Ilé, Màmá," alàgbà dá wọn dúró. "I-lé. Ẹ tún un pè."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn akọrin jókòó sí. Ẹ̀rín náà ràn.

"Ilé," ìyá mi wí, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa bá a lọ."

Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá ojú mi. Mo tẹ orí mi mọ́ Bíbélì. Wọ́n ní "Àmín," wọ́n jókòó. Àdúrà náà ò tíì dé ìdajì.

Ọmọ Èkìtì ni alàgbà yìí o! Mo ti gbọ́ ọ níbi tó ti ń júwe ọ̀nà fún ọlọ́kadà, ulé lòun náà pè é.

Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo bá a níta. "Alàgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gé àdúrà mọ́ ìyá mi lẹ́nu?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sístà, mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ilé Ọlọ́run kì í ṣe oko. Àbí bí ọmọ iléèwé yín bá kọ 'ulé,' ẹ ò ní fi bíró pupa fà á?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ń dùn mí. Mo ti fa irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. "Ìdánwò kọ́ ni wọ́n wá ṣe," mo ní. "Ọlọ́run ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló pè yín sí i?" Mo fa ìyá mi lọ́wọ́, a lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ka Bíbélì tán, mo dúró.

"Màmi, àdúrà."

"Ùwọ gbà á. Ùwọ lo gbédè."

Mo gbà á. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ó sì gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí òrùlé fi parí. Mo bínú sí alàgbà, mo bínú sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, mo bínú sí ọrùn mi tó tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà jẹ nínú ìbínú ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí ìyá mi padà sílé wọn, orí fóònù ni mo ti ń kàwé fún wọn. Àmín nìkan ni wọ́n ń ṣe. Àfi lọ́jọ́ tí mo ka ti Hánà, tí ètè rẹ̀ ń mì níbi tó ti ń gbàdúrà tí àlùfáà fi pè é ní ọ̀mùtí. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Àlùfáà ọ̀ún ò gbọ́ nǹkan tó ń wí?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti wọnú àdúrà, ulé, uṣẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, alàgbà ní kí n bá òun kí Màmá. Mo ní mo gbọ́. N ò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Lónìí, ẹ̀kọ́ wa dá lórí dídárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wá. Ìyá mi gbàdúrà fún alàgbà, fún ìlera rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀.

"O ò ṣe Àmín?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màmi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́," wọ́n ní, wọ́n sì pa fóònù.

Mo gbé báàgì mi, mo gba iléèwé lọ.