Orin Ìwẹ̀ Tí Mo Fòfin Dè

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rín làwọn tó ń kọ̀wé nípa ọmọ títọ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀, n ò sì ní ẹ̀rín kankan lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọdún méjì, ìyá mi wá bá wa gbé ní Peckham nílùú London fún oṣù mẹ́fà, kí n lè máa ráyè lọ síbi iṣẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ẹnu wọn kì í sinmi orin. Ṣùgbọ́n orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni wọ́n ń kọ fún ọmọ. Tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, àwọn fúnra wọn ló sì hùmọ̀ rẹ̀: ti bàtà wíwọ̀, ti oúnjẹ, ti ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Ti ìwẹ̀ ló dùn jù. Wọ́n á bu omi sí ọmọ lẹ́yìn, wọ́n á ní:

Apá dà? Apá rèé o.
Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rèé o.
Omi, rọra o, má kó sí i lójú,
Ọmọ tó wẹ̀ tán ló ń jẹ̀kọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń gbè é. Ìyá mi á béèrè apá, ọmọ á na apá, á ní, "Èé o." Kí oṣù kejì tó pé, ó ti ń sọ "ó tó," ó ti ń sọ "tutù," ó sì ti ń sọ "ó tì" bí ìyàwó baálé ilé.

Lọ́jọ́ kan mo lọ mú un ní nọ́sìrì rẹ̀ ní Nunhead. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ níbẹ̀ mú bébà kan jáde, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ mi kò tíì tó bó ṣe yẹ. Mo ka gbogbo èyí tó ń sọ nílé fún un. Kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì lòun ń kà, pé bóyá ká gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé fúngbà díẹ̀. Ó ní àwọn orin wà lórí fóònù, ti eyín fífọ̀, ti ìwẹ̀, ti kíkó nǹkan ìṣeré jọ, pé wọ́n máa ń ran òbí lọ́wọ́ gan-an.

Ẹni tó bá mọ àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí á mọ ohun tí etí mi gbọ́. Kì í ṣe ohùn ọmọbìnrin yẹn, ohùn kánsù ni. Ìtàn àwọn tí ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ wọn kún ẹnu wa níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń dirun. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kankan nínú wọn, síbẹ̀ gbogbo wa la gbà á gbọ́. Bí ẹni tó gbé káàdì kọ́rùn bá ti ní "bóyá," àṣẹ là ń gbọ́.

Mo délé bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ.

"Mummy, ẹ má sing fún un mọ́. Nursery ti complain. Tí wọ́n bá lọ report wa sí social services ńkọ́?"

Wọ́n gbójú sókè wò mí, ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. "Orin ìwẹ̀ náà?"

"Gbogbo ẹ̀, Mummy."

Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ká gbé apá sókè fún ọṣẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹnu dídì ni ìyá mi fi ń wẹ ọmọ mi. Nígbà tó ku oṣù méjì kí àsìkò wọn pé, wọ́n ní ìkórè ti dé tán ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn n'Ìjẹ̀bú, wọ́n sì lọ. N ò bi wọ́n pé ìkórè wo ló ń bọ̀ nínú oṣù kejì ọdún.

Ọmọ ò wá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dákẹ́ pátápátá. Orin fóònù á dún, òun náà á ṣe ohun tí orin ní kó ṣe: á ya ẹnu fún búrọ́ọ̀ṣì, á kó ìṣeré sínú apẹ̀rẹ̀, kò ní fọhùn. "Èé o" ti lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ráyè fún wa níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé wò ní Lewisham. Obìnrin àgbà kan ní kí n ka gbogbo ohun tí ọmọ ti sọ rí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tiẹ̀ ní kí n tún "ó tó" pè kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́. Omi bọ́ lójú mi, omi ìbínú ni.

Mo gba nọ́sìrì lọ tààrà. Ọmọbìnrin yẹn rẹ́rìn-ín sí mi. "Oh, it was only a suggestion, Mum."

Mum, èmi tí n ò bí i. Mo bú u nínú ikùn mi láti Nunhead dé ẹnu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, èébú náà ti kan ẹni tó ni ín. Àfọwọ́fà ni. Òun ló dá àbá, èmi ni mo pa ìyá mi lẹ́nu mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wà nínú omi, orin fóònù ń dún lọ́wọ́. Mo dá a dúró, mo fi fóònù náà pe ìyá mi, mo gbé e kí wọ́n lè rí ọmọ.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ti ìwẹ̀ yẹn."

Wọ́n wo ọmọ nínú omi. "Ṣé wọ́n ti fún wa láyè?"

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí bó bá ṣe pé wọ́n bú mi ni, ǹ bá mọ ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀. Ìbéèrè gidi ni wọ́n ń bi mí. Mo ní a ò nílò àyè ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n kọ́kọ́ lọ béèrè dáadáa, kí ìjọba má lọ gba ọmọ lọ́wọ́ mi nítorí orin àwọn. Wọ́n ní omi ti ń tutù, kí n yáa wẹ̀ ẹ́. Wọ́n pa fóònù.

Kí n tó lanu láti kọ ọ́ fúnra mi, fóònù padà síbi tí mo ti dá a dúró, ọkùnrin yẹn sì ń bá orin rẹ̀ lọ. Ọmọ mi gbé apá méjèèjì sókè fún ọṣẹ.